Àbúrò àti Púlọ́ọ̀gì Kẹrin

Kí ọkọ̀ náà tó yọjú lẹ́nu géètì ni Àbúrò ti gbọ́ pé ó ń tiro. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wà nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn síta, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í bá a wọ abẹ́ ọkọ̀. Etí rẹ̀ wà lójú títì. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀: ó lù dáadáa lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó fo ọ̀kan, ó lù lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó tún fo ọ̀kan.

"Ọkọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí nìyẹn," ó sọ fún irin tó wà lókè orí rẹ̀. "Ó ń mísì."

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísì kò le láti yé ènìyàn. Ihò mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ní, epo sì gbọ́dọ̀ gbaná nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní títẹ̀lé ara wọn, bí ènìyàn mẹ́fà tó jọ ń gún nǹkan nínú odó kan. Bí ẹnì kan bá gbé ọmọ odó sókè tí kò sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Púlọ́ọ̀gì ni ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo náà nínú ihò. Ohun tó sì ń jẹ Àbúrò lọ́kàn bó ṣe ń fẹ̀yìn wọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí òun fúnra rẹ̀ fi púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́fà sínú ẹ́ńjìnnì yẹn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ọgbà mẹkáníìkì náà, ó sì ti ń pè é ní "àbúrò mi" létí àwọn oníbàárà láti bí ọgbọ̀n ọdún, títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ ọn bí gíríìsì ṣe ń lẹ̀ mọ́ èékánná. Àgbà ń pè é ní Àbúrò. Ọmọdé ń pè é ní Àǹtí Àbúrò. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ló kọ́kọ́ kọ́. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tún ẹ́ńjìnnì kan ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju kó dé ibi púlọ́ọ̀gì tó kẹ́yìn, èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ gíláàsì iwájú. Ó tiraka títí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó wá ránṣẹ́ pè é nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní kó wá fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá òun yọ nǹkan kan, kó sì tètè padà. Ó yọ ọ́. Kò padà. Ó jókòó ti àwọn púlọ́ọ̀gì tí wọ́n yọ, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí ojú ọ̀kan fi dúdú bí èédú, tí ti àwọn yòókù sì dà bíi bísíkíìtì tó jinná. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní aṣọ rírán dúró dè é di ìrọ̀lẹ́, ó sì gbé aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ gbẹ́ pákó kan fún un, ihò mẹ́fà wà lára rẹ̀, nọ́ńbà sì wà nídìí ihò kọ̀ọ̀kan. Púlọ́ọ̀gì tí Àbúrò bá yọ lára ẹ́ńjìnnì, inú ihò tó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu lórí pákó ló ń gbé e sí.

"Púlọ́ọ̀gì kì í purọ́," ó máa ń wí. "Àmọ́ tí o bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, ta lo fẹ́ bi léèrè?"

Ọkọ̀ náà wọlé, ó dúró, ó ń gbọ̀n. Ọkọ̀ dúdú gígùn ni, ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń pa ara rẹ̀ dé pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń jáde ní yàrá àgbà. Ìyá Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú nítorí orúnkún rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti fi ọdún méjìdínlógójì gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò náà, àwọn ọmọ Àbúrò méjèèjì wà lára wọn. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni Àbúrò wí.

"Mi ò tíì káàbọ̀. Gbọ́ ohun tó ń ṣe. Mo fẹ́ gun òkè ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe."

"Mo ti gbọ́ ọ láti ojú títì, mà."

"O gbọ́ ti ọkọ̀. O ò tíì gbọ́ tèmi. Àkọ́bí mi ń bọ̀ láti ìlú tó ń gbé, aago mẹ́ta ló máa dé síbí. A ti ṣe àdéhùn lórí fóònù. Ó ní èmi ni kí n wa òun yí ìlú ká. Bí ọkọ̀ yìí bá rìn dáadáa, kò ní dá sí ọ̀rọ̀ mi mọ́. Bó bá gbọ̀n, mo máa gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ rà á." Ó fi ọwọ́ lu orúnkún rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ bá wọn wọn àwọn ìkókó ní ilé ìtọ́jú. Ta ló máa gbé mi lọ? Orúnkún yìí? Ọkọ̀ yìí ni ẹsẹ̀ mi, Àbúrò."

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n Àbúrò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá, jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi kan ṣáájú ikùn rẹ̀, ikùn rẹ̀ a sì dé ṣáájú òun alára.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, kì í ṣe púlọ́ọ̀gì. Àbúrò ló fi í síbẹ̀, ọwọ́ Àbúrò kì í tàsé. Epo ni. Epo tí wọ́n ń tà lóde òní, omi inú rẹ̀ tó fọ aṣọ."

Àbúrò mú kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, ó fi wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ sitiarín, ó sì dúró. Kọ̀ǹpútà náà ní ihò kẹrin ni iná kò ti jó. Àbúrò mi orí. Ó mọ irú ẹni tí kọ̀ǹpútà jẹ́: ó lè sọ ibi tó ń dun aláìsàn fún ọ, kò lè sọ ohun tó ń dùn ún.

Lókè púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni kọ́ìlì kan wà tó ń gbé iná fún un. Àbúrò yọ kọ́ìlì tó wà lókè ihò kẹrin, ó fi í sókè ihò kejì, ó sì gbé ti ihò kejì wá sí ìkẹrin.

"Kí nìyẹn wà fún?" Ìyá Agbẹ̀bí béèrè.

"Bí ìjà bá wà nínú yàrá kan, mà, ẹ mú ẹni tí ẹ fura sí lọ sí yàrá mìíràn. Bí ìjà bá bá a lọ, òun ni. Bí ìjà bá dúró, ẹ tún yàrá yẹn yẹ̀ wò."

Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ó gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà ní ihò kẹrin. Ìjà kò bá kọ́ìlì lọ.

"Nọ́sù ni," ni Ọ̀gá wí. "Nọ́sù tó ń fọ́n epo síbẹ̀ ló dí. A máa tú gbogbo òkè rẹ̀ sílẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó?" Ìyá Agbẹ̀bí béèrè.

"Ọjọ́ méjì, mà. Mẹ́ta, tí a bá ń jẹun."

Ìyá Agbẹ̀bí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún fi ọwọ́ lu orúnkún rẹ̀. Ìyẹn ni Àbúrò kò lè fara dà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì."

"Púlọ́ọ̀gì tuntun? Ṣebí ìwọ lo fi í síbẹ̀."

"Èmi ni. Èmi náà ni mo fẹ́ yọ ọ́."

"Ṣé ara rẹ lo wá ń fura sí?"

"Ihò kẹrin ni mò ń fura sí."

Ọ̀gá gbé èjìká sókè. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, Àbúrò kò sì jẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì lára ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí ibi tí púlọ́ọ̀gì ti dè mọ́ irin lè fà ya, ẹni tó bá sì ya ibẹ̀ ti ra wàhálà fún ara rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó ní ó di aago kan. Ọ̀gá rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí jókòó lórí ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n sọ di bẹ́ǹṣì, Àbúrò sì jókòó tì í. Ó fi rọ́bà gígùn tó máa ń fi etí gbọ́ inú ẹ́ńjìnnì hàn án, ó ní òpin kan máa ń wà létí òun, èkejì á wà lára irin. Ìyá Agbẹ̀bí gbà á, ó fi í sétí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwo kékeré ni tèmi, orí ikùn aláboyún ni mo ń gbé e lé. Kí ni ìyàtọ̀ wa?"

"Ti yín máa ń ké tó bá jáde, mà."

"Tìrẹ náà ń ké. Tàbí o ò gbọ́ ọ láti ojú títì ni?"

Nígbà tí aago kan kọjá díẹ̀, Àbúrò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Ó ti tutù. Ó fẹ́ eruku kúrò lẹ́bàá ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sínú pákó rẹ̀. Èkíní dà bíi bísíkíìtì. Èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin rin fún epo, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn. Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà dára.

Gbogbo wọn dúró ní ìlà lórí pákó, márùn-ún bí ọmọ ìyá, ọ̀kan bí àlejò.

Ó mú ẹ̀kẹrin, ó yí i lójú oòrùn. Lára tánganran funfun tó wà láàárín rẹ̀, ó rí nǹkan kan tó dà bí irun orí. Ó fi aṣọ nù ún. Irun náà kò kúrò.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ yá mi ní ìgò ojú yín."

Ó fi ìgò ojú Ìyá Agbẹ̀bí wò ó. Tánganran náà ti sán, ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, láti òkè dé ìdí. Iná tó yẹ kó lọ sórí púlọ́ọ̀gì ń gba ojú sísán yẹn sá lọ. Kí ó tó gbé ìgò kúrò lójú, ó ti rántí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, púlọ́ọ̀gì kẹrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí na àpò ọsàn kan sí i. Àgbà tó gbẹ̀bí ọmọ ẹni kì í na nǹkan síni ká fi ọwọ́ kan gbà á. Àbúrò yára gbé púlọ́ọ̀gì lé etí rádíétọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọsàn, ó sì tẹrí ba. Ibi tó ti ń dúpẹ́ ni púlọ́ọ̀gì ti yí, tó já bọ́ sórí kọ́ńkéré. Ó dún tín. Àbúrò he é, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fi í sí àyè rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba púlọ́ọ̀gì náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì gbé e jìnnà.

"Hẹn-ẹn. Ẹ wá wò ó, Màmá. Láti iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ti sán. Iṣẹ́ wọn nìyẹn lóde òní. Ẹni tó fi í síbẹ̀ kò jẹ̀bi."

Ìyá Agbẹ̀bí mi orí pé ó yé òun. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, bí Àbúrò bá fẹ́ kó parí.

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn oníbàárà kan máa ń sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì àwọn. Ọ̀gá a ní, "A jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì yín máa dúró bẹ́ẹ̀," a sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá lanu báyìí, níwájú oníbàárà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa já bọ́ sórí kọ́ńkéré. Ṣùgbọ́n ó ti fi gbogbo ọdún yẹn sọ fún àwọn ènìyàn pé púlọ́ọ̀gì kì í purọ́. Kò lè wá bá a purọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe iléeṣẹ́. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó bọ́, mo sì fi í síbẹ̀."

Ọ̀gá ya ẹnu, ó pa á dé. "Ọwọ́ ta ló bọ́ mọ́?"

"Ọwọ́ tí kì í tàsé yẹn náà ni."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó kó ọsàn náà pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Àṣé ọsàn mi ló ba ọkọ̀ mi jẹ́."

"Ọsàn kò ṣe nǹkan kan, mà. Ó dùn."

"Gbọ́ mi. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ ní yàrá ìgbẹ̀bí, a kì í bi í bóyá ó mọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé e sójú wò. Ó bọ́, ó lọ, ó tán. Ìwọ gbé e sójú. Ojú rẹ kò dára tó etí rẹ."

"Etí mi náà gbọ́ tín yẹn, mà."

"Kí ló dé tí o ò fi gbà á gbọ́?"

Àbúrò rò ó wò. "Inú mi ń dùn nígbà yẹn ni, mà. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í gbọ́ tín."

Ọ̀gá wo aago. Ó wo púlọ́ọ̀gì tó sán. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Láti ọdún tí ikùn rẹ̀ ti yọ, kò sẹ́ni tó rí Ọ̀gá kó sáré rí. Ó sá jáde ní géètì, ó sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, àwọn tó ń tún táyà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà sì dìde dúró wò ó. Nígbà tó ń bọ̀, kò sáré mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí kékeré kan bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ má kí mi," ó sọ fún wọn láti ẹnu géètì. "Ẹ má na nǹkan kan sí mi. Ọwọ́ mi kò ṣófo."

Bí Ọ̀gá ṣe mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ nìyẹn, ó sì yé Àbúrò. Ó gba púlọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi wé àwọn márùn-ún yòókù, gígùn rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó bá wọn mu. Ó fi ọwọ́ lásán yí i wọlé títí ó fi jókòó, kó lè mọ̀ pé kò wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ó wá mú sípánà tó ń wọn agbára ọwọ́, ó fà á títí sípánà náà fi dún kẹ́. Ó dúró níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń fi díẹ̀ kún un nítorí àánú. Àánú yẹn ló ń fọ́ púlọ́ọ̀gì. Ó dá àwọn yòókù padà, ó nu inú rọ́bà kọ́ìlì kẹrin, ó sì dá kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan padà sí ààyè rẹ̀.

"Ẹ ṣáná sí i, Màmá."

Ìyá Agbẹ̀bí ṣáná sí i. Àbúrò bu omi kún ife kan dé ẹnu, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn. Omi náà dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí àkọ́bí dé. Ọkùnrin gíga ni, táì wà lọ́rùn rẹ̀, oorun ìrìn àjò sì wà lójú rẹ̀. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí wọn, ó sì wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀.

"Kí ló tún ṣe é?"

Ọ̀gá ya ẹnu, ó wo Àbúrò, ó sì pa á dé.

"Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, sà," ni Àbúrò wí. "Èmi ni mo ṣe é." Ó fi púlọ́ọ̀gì tó sán hàn án, ó sọ bó ṣe bọ́, ó sọ ohun tó ti ṣe sí i.

Ọkùnrin náà yí púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́. "Mẹkáníìkì mẹ́ta ni mo ti lò níbi tí mò ń gbé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún mi rí pé òun ló ṣe é. Epo ni wọ́n máa ń sọ."

Ọ̀gá gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Àbúrò dúró lẹ́nu géètì, ó gbọ́ ọkọ̀ náà dé ibi tí títì ti yà, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ohun tó sì fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó padà sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Wọ́n padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ìyá Agbẹ̀bí nìkan ló kọ́kọ́ jáde, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka sẹ́nu, ó sì nawọ́ sí ìjókòó iwájú. Orí ọmọ rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Òkè ilé ìwé ni mo ń bá a gùn lọ, mo ń ṣàlàyé nǹkan fún un, mo bojú wò ó, ó ti sùn. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ fún ara mi."

Ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra ṣí ló jí i. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Mi ò sùn. Mo kàn pa ojú dé ni."

"Ojú rẹ ń hanrun," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó mú fóònù, ó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó má bínú, ìyá òun kò ta ọkọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Àbúrò gbé pákó rẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ní kó bá òun lu ihò kan kún un. Ọkọ rẹ̀ béèrè nọ́ńbà tí òun máa kọ sí i. Ó ní kó má kọ nọ́ńbà kankan. Ibẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì tó sán wà títí di òní. Oníbàárà tuntun tó bá rí i a máa béèrè irú ọkọ̀ tó ń lo púlọ́ọ̀gì méje.

"Ó wà," ni Ọ̀gá máa ń dá wọn lóhùn. "Ẹ bi Àbúrò."

Àbúrò a sì sọ fún wọn.